Wáàsì àti Sílántì Nígbà Òtútù: Ara Mọ́tò Ni Ká Kọ́kọ́ Bi

Ẹ kú àpéjọ o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ kú ọ̀ginìntìn. Mo mọ̀ pé abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ń wu ọ̀pọ̀ yín láàárọ̀ yìí, síbẹ̀ ẹ dìde, ẹ wá, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ wa díẹ̀, àyè ṣì pọ̀ níwájú.

Wọ́n ní kí n wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí wáàsì àti sílántì, pé èwo lèèyàn lè fi pa mọ́tò lára nígbà tí òtútù bá mú. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yẹn. Wọ́n á ní "Ẹ̀gbọ́n, èwo ló ń dán jù?" Wọ́n á ní "Èwo ló ń pẹ́ jù?" Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú, tẹ́nìkan kì í bi mí: irin ara mọ́tò yẹn, báwo ló ṣe tutù tó? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ara mọ́tò ni ká kọ́kọ́ bi. Ẹ jẹ́ n tún un sọ: ara mọ́tò ni ká kọ́kọ́ bi, kó tó wá kan orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò.

Kí ló tiẹ̀ dé tá a fi ń ṣe é?

Ọ̀dà mọ́tò tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, ohun kan bò ó lórí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, clear coat là ń pè é. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, nínípọn ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 40 sí 50 microns lọ, irun orí èèyàn kan ṣoṣo sábà máa ń nípọn jù ú. Nǹkan tó fẹ́lẹ́ báyẹn ló ń gba oòrùn, òun ló ń gba ìgbẹ́ ẹyẹ, òun ló ń gba eruku, ìgbà tí òtútù bá tún wá dé wọ́n á da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, táyà á máa ta á sí mọ́tò lára látàárọ̀ dalẹ́.

Iyọ̀ yẹn kì í jẹ clear coat run lójú ẹsẹ̀, ká má parọ́ mọ́ ọn. Ojú egbò ló ń wá. Ibi tí òkúta ti ta ọ̀dà dànù, tí irin ti hàn síta, ibẹ̀ ló ń bá wọlé, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Wáàsì ò lè dí ojú egbò o, ọ̀dà ni wọ́n fi ń dí i. Ohun tí wáàsì tàbí sílántì máa ṣe fún yín ni pé omi oníyọ̀ á máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀ kó tó ráyè jókòó, ìdọ̀tí ò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fọ̀ ọ́ ẹ ò ní máa gbo ó bí ẹni ń gbo ìdí ìkòkò. Gbígbo yẹn ló ń fa mọ́tò lára ya. Bí ẹ bá dín gbígbo kù, ẹ ti gba ọ̀dà yín là.

Ìgbà tó dáa jù láti ṣe é ni kí òtútù tó dé, nígbà tí ara mọ́tò ṣì wà ní nǹkan bíi 15 sí 20°C. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó jókòó síbí ti pẹ́ kó tó rántí, ìyẹn náà la ṣe wà níbí, a ò ní sọ pé kò sí ọ̀nà mọ́.

Gbígbẹ yàtọ̀ sí jíjinná

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí pẹ́. Tẹ́ ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ dákun, ẹ mú eléyìí.

Wáàsì, ìda ni. Ìda oyin wà ńbẹ̀, àmọ́ èyí tó gbajúmọ̀ jù fún mọ́tò ni carnauba, tí wọ́n ń rí lára ewé igi ọ̀pẹ kan tó ń hù ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ìda yẹn le gan-an, kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó nǹkan bíi 82°C. Ẹ wá rò ó wò, ohun tó le tó báyẹn, ṣé ẹ lè fi ọwọ́ lásán tẹ́ ẹ sórí mọ́tò? Kò ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ òróró àti àwọn kẹ́míkà olómi tó máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ bí pẹtiróòlù ṣe ń fẹ́ lọ. Ẹ bá pa á, omi kẹ́míkà yẹn á fẹ́ lọ, ìda á ṣẹ́ kù sórí ọ̀dà, ojú ẹ̀ á funfun díẹ̀, ẹ á nù ún. Gbígbẹ nìyẹn.

Tí òtútù bá mú, omi kẹ́míkà yẹn ò ní fẹ́ lọ bọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ kó gbẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ lè dúró tì í fún ìdajì wákàtí kó ṣì máa fà bí àtè. Èyí tó wà nínú agolo náà á le gbagidi, ẹ á máa fi fóòmù tẹ́ ẹ fi ń pa á họ ọ́, á jáde ní kókó kókó.

Sílántì ní tiẹ̀, wọ́n ṣe é ní ilé iṣẹ́ ni, kì í ṣe ara igi ló ti wá. Àwọn kẹ́míkà inú ẹ̀, tí wọ́n bá ti dé ara ọ̀dà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á so pọ̀, wọ́n á di awọ kan. Ìyẹn kì í ṣe gbígbẹ nìkan, jíjinná ni. Ṣé ẹ mọ bí ọgbẹ́ ṣe máa ń gbẹ lójú tí inú ẹ̀ ò sì tíì jinná? Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ rò pé ó ti tán, ẹ tún fi gbá nǹkan, ẹ̀jẹ̀ dé. Bí sílántì ṣe rí nìyẹn. Ó lè gbẹ lójú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó tó jinná ó lè gba wákàtí méjìlá, ó lè gba ọjọ́ kan.

Òtútù ló ń dí jíjinná lọ́wọ́ jù. Òdiwọ̀n kan wà táwọn tó ń ṣiṣẹ́ kẹ́míkà máa ń lò, pé bí nǹkan bá fi 10°C tutù sí i, iṣẹ́ kẹ́míkà inú ẹ̀ á falẹ̀ tó ìdajì. Kì í ṣe pé ó máa ń bọ́ sí i géérégé, ṣùgbọ́n ó tó fi ronú. Ó túmọ̀ sí pé sílántì tó ń jinná ní wákàtí 12 nígbà tí ara mọ́tò wà ní 20°C, ó lè gbà tó wákàtí 24 ní 10°C, kó sì tó wákàtí 48 ní bèbè 0°C. Ta ló ní ibi tí mọ́tò máa jókòó sí fún wákàtí 48 tí òjò ò ní kàn án, tí ìrì ò ní sẹ̀ sí i? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ lébẹ́ẹ̀lì fi máa ń sọ pé ẹ má lò ó tí kò bá tó 10°C, àwọn míì tiẹ̀ ní kó tó 15. Wọn ò kọ ọ́ ṣeré.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Mo gba mọ́tò dúdú kan lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń rìnrìn àjò lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ ti rọ̀, ojú ọjọ́ wà ní 4°C. Sílántì tí mo fọkàn tán ni mo lò, mo pa á, mo nù ún, mọ́tò ń dán gbinrin, inú mi dùn, mo palẹ̀ gbogbo nǹkan mọ́. Ilẹ̀ mọ́ báyìí, mo débẹ̀, gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òkè orí ẹ̀ kún fún àmì tótòtótò, ibi tí ìrì jókòó sí lóru mọ́jú. Ọkùnrin yẹn gbé mọ́tò lọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó pè mí, ó ní omi ò tiẹ̀ ká jọ lára ẹ̀ mọ́, bí ìgbà tẹ́nìkan ò pa nǹkan kan sí i rí. Mo ní kó gbé e padà wá. Mo ṣí gbogbo ẹ̀ kúrò, mo tún un ṣe nínú ilé tó móoru, mi ò sì gba owó kankan. Ó dùn mí. Sílántì yẹn ò jẹ̀bi rárá, nítorí ara mọ́tò ni mi ò bi.

Ìrì: ọ̀tá tí a kì í rí

Ṣé ẹ ti gbé ìgò omi tó tutù nini síta rí, tó wá ń làágùn? Inú ìgò kọ́ ni omi yẹn ti jáde. Inú afẹ́fẹ́ ló ti wá, ó rí ohun tó tutù, ó bà lé e. Ara mọ́tò náà nìyẹn. Irin tutù, afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin kàn án, ìrì sẹ̀. Nígbà míì kì í pọ̀ tó ohun tójú lè rí, ẹ ṣáà máa rí i pé fóòmù ń yọ̀, wáàsì ò dì mọ́ nǹkan. Omi ló wà láàárín òun àti ọ̀dà.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí, torí ó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Mọ́tò tó sun ìta mọ́jú, tẹ́ ẹ gbé wọ gáràájì tó móoru, tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lójú ẹsẹ̀, àṣìṣe ni. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti móoru, irin ò tíì mọ̀ pé òun ti wọlé. Ńṣe lá máa làágùn. Ẹ jẹ́ kó jókòó fún wákàtí mélòó kan, mọ́jú pàápàá tó bá ṣeé ṣe, kí irin àti afẹ́fẹ́ bára wọn dọ́gba. Bákan náà lójú sánmà tó mọ́ kedere lálẹ́, orí mọ́tò lè tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, ìdí nìyẹn tí yìnyín fi máa ń bò ó láàárọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń sọ pé ojú ọjọ́ wà ní 2 tàbí 3°C. Ìwọ̀n tó wà lórí fóònù yín, ti afẹ́fẹ́ ni. Kì í ṣe ti irin.

Èwo ká wá mú?

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ jẹ́ n sọ bí èmi ṣe ń yàn án, látorí ibi tó móoru dé ibi tó tutù jù.

Tí irin bá tó 10°C sókè, tẹ́ ẹ sì ní ibi tí mọ́tò lè sùn sí tí omi ò ní kàn án, ẹ mú sílántì olómi tó dáa. Bí ìwé ẹ̀yìn ẹ̀ bá ní 10°C tó, ẹ lò ó. Òun lá gbé yín dé ìparí òtútù, torí sílántì lè lo oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà lára mọ́tò, wáàsì carnauba sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù méjì tàbí mẹ́ta, tí iyọ̀ àti fífọ̀ léraléra bá wọ̀ ọ́ ó tiẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn bí carnauba ṣe ń mú ọ̀dà dúdú àti pupa jinlẹ̀, tinútinú ni mo fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní yàn án fún ìgbà òtútù. Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn.

Tó bá wà láàárín 5 sí 10°C, ẹ fi sílántì tó ń gba ọjọ́ kan kó tó jinná sílẹ̀, ẹ mú èyí tó ń wá nínú ìgò tí wọ́n ń fín. Ẹ fín in sára aṣọ microfiber, ẹ nù ún sí pánẹ́ẹ̀lì kan, ẹ fi aṣọ kejì tó gbẹ nù ún kúrò lójú ẹsẹ̀. Kò ní ká dúró kó gbẹ, òtútù ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ríbi dì í mú. Kì í pẹ́ tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ lè tún un ṣe lóṣooṣù, kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Tó bá ti wọ 0 sí 5°C ńkọ́? Ẹ lọ wá irú èyí tí wọ́n ń fín sórí mọ́tò tí omi ṣì wà lára ẹ̀, tí wọ́n á sì fi omi tó lágbára fọ̀n ọ́n kúrò. Èmi gbà pé òun ló bá òtútù mu jù nínú gbogbo wọn, nítorí omi tó ń ba àwọn yòókù jẹ́, òun ń fi ṣiṣẹ́ ni. Ẹ ṣáà má fín in sí gbogbo mọ́tò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fín in, ẹ fọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sí òmíì. Ẹ fọ̀n ọ́n dáadáa o, torí tó bá gbẹ mọ́ ọn láìjẹ́ pé ẹ fọ̀n ọ́n, á fi ìlà funfun sílẹ̀ tó ṣòroó yọ.

Tó bá ti wá wálẹ̀ ju 0°C lọ, ẹ gbé ìgò sílẹ̀. Omi á dì sínú ihò kọ́kọ́rọ́, á dì sẹ́nu ọ̀nà ilẹ̀kùn, á dì sára aṣọ tẹ́ ẹ fi ń nù ún, yìnyín wẹ́wẹ́ inú aṣọ sì lè fa ọ̀dà ya. Ọjọ́ yẹn ò sí fún wáàsì.

Coating ceramic, ohun míì tí wọ́n ń fi pa ọ̀dà mọ́tò tó sì máa ń le mọ́ ọn, òun ńkọ́? Mo rí ẹni tó nawọ́. Ó dáa, ó ń pẹ́, òmíì lè lo ọdún kan tàbí méjì, tó bá jẹ́ tàwọn tó mọṣẹ́ ó lè jù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìta gbangba nínú òtútù kọ́ ni ibùjókòó ẹ̀. Ó nílò ibi tó móoru tó gbẹ. Òtútù á mú kó ṣòro láti mọ ìgbà tó yẹ ká nù ún, ibi tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ tó bá ti jinná, ó ti di ara mọ́tò nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ pólíìṣì gé e kúrò.

Bí a ṣe ń pa á

Mi ò ní pẹ́ níbí. Inú ilé ni kẹ́ ẹ máa tọ́jú ìgò sí, ẹ má fi í sun inú búùtù. Mo ti ṣí ìgò kan tó sun inú búùtù rí, ó ti dì lóru, nígbà tó yọ́, omi wà lókè, ohun tó kù di ègé ègé nísàlẹ̀, mo mì í títí kò pò pọ̀ mọ́. Èyí tí omi pọ̀ nínú ẹ̀ máa ń bàjẹ́ tó bá ti dì. Kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ gbé ìgò sínú korobá omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ fọ mọ́tò, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ rántí omi tó sá pamọ́ sínú dígí ẹ̀gbẹ́ àti ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn, òun ló máa ń ṣàn jáde sórí ibi tẹ́ ẹ ti pa tán. Pánẹ́ẹ̀lì kan lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó fẹ́lẹ́. Kó fẹ́lẹ́! Àwọn èèyàn rò pé tó bá nípọn á dáàbò bo mọ́tò jù, rárá o, ìpele àkọ́kọ́ tó kan ọ̀dà ló ń ṣiṣẹ́, ìyókù ẹ máa nù ún dànù ni, nínú òtútù ìyókù yẹn ni ò sì ní gbẹ. Ẹ fi ìka fà á wò: tó bá mọ́ gaara, ẹ nù ún, tó bá ṣì ń fi ìlà sílẹ̀, ẹ ní sùúrù.

Àbúrò mi kan ló pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ohùn ẹ̀ ti yí padà. Ó ti pa wáàsì inú agolo sí gbogbo mọ́tò ẹ̀, ó nípọn, òtútù mú, ó wá ń nù ún, kò kúrò. Ó ti ń fi gbogbo agbára ọwọ́ rin ín, ọ̀dà ti ń ní ojú ìlà. Mo ní kó dúró. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko. Mo ní kó mú wáàsì kan náà, kó pa díẹ̀ sórí èyí tó ti gan, kó sì nù ún lójú ẹsẹ̀ kó tó gbẹ. Omi kẹ́míkà inú tuntun ló rọ ti àtijọ́, gbogbo ẹ̀ ṣí kúrò. Ó gbà á ní àkókò, ṣùgbọ́n mọ́tò ò bàjẹ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má rin ín o.

Ohun kan tí mi ò lè fi sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe é nínú gáràájì, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì nítorí kí ibẹ̀ lè móoru. Èéfín carbon monoxide ò ní òórùn, ẹ ò ní mọ̀ ìgbà tó máa gbé yín ṣubú, ó ń pani. Ẹ má sì gbé hítà oníná sún mọ́ wáàsì tó ní omi kẹ́míkà nínú, torí ó lè gbiná.

Ìbéèrè

Ìyá kan bi mí níbí pé ilẹ̀kùn mọ́tò àwọn máa ń lẹ̀ pa láàárọ̀, ṣé wáàsì lè gbà wọ́n. Rárá mà, rọ́bà etí ilẹ̀kùn ló ń dì. Ẹ nù ún kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ fi silicone tí wọ́n ṣe fún rọ́bà pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má fi wáàsì ara mọ́tò pa wínsíkírìn o, wáípà á máa fà á kiri, ẹ ò sì ní ríran lálẹ́. Ẹ má sì da omi gbígbóná sí wínsíkírìn tó ti dì, ó lè sán.

Bàbá kan náà béèrè pé báwo lòun ṣe máa mọ bí irin ṣe tutù tó. Tẹmómítà tí wọ́n ń nà sí nǹkan bí ìbọn wà, ẹ nà án sí ibi tó ní ọ̀dà, ẹ má nà án sí irin tó ń kọ mànà bíi dígí, ibẹ̀ á parọ́ fún yín. Ẹ wọn orí, ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń pa lè fi ọ̀pọ̀ ìwọ̀n móoru ju ẹ̀gbẹ́ tó wà ní ìbòòji lọ. Bí kò bá sí tẹmómítà, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, tí ọwọ́ yín ò bá lè dúró níbẹ̀ torí òtútù, ẹ ti gba èsì.

Mọ́tò mẹ́ta ló wà níta báyìí, ọ̀kan sun inú ilé, ọ̀kan wà nínú oòrùn, ọ̀kan sì wà lẹ́yìn ilé láti àná. Tẹmómítà wà lápò mi. Ẹ wọ kóòtù yín, ẹ jẹ́ ká lọ wọ̀n wọ́n, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ èyí tó máa fi pa ìkọ̀ọ̀kan wọn.